Ewé Tó Fò Lọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Labalábá Tó Ń Fara Jọ Ewé

Láti ìgbà tí a ti tẹ àwòrán labalábá kan tó dà bí ewé gbígbẹ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí rẹ̀. A yan àwọn ìbéèrè tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú wọn. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, gbólóhùn mélòó kan sì tó fún àwọn mìíràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní àkókò ọyẹ́ tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ewé gbígbẹ kún ilẹ̀, àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe gbéra nílẹ̀, tó fò díẹ̀, tó sì tún bà sáàárín àwọn yòókù. Mo rìn dé ibi tó bà sí, n kò rí nǹkan kan mọ́. Kí ni mo rí gan-an? (Olùkàwé kan, Ìṣẹ́yìn)

Ìdáhùn: Labalábá ni ẹ rí. Bí a bá fi ojú àkókò tí ẹ dárúkọ àti ibi tí ẹ ti rí i wò ó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Melanitis leda ló ṣeé ṣe jù lọ kí ó jẹ́. Ó wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó wà ní Éṣíà, ó sì dé Ọsirélíà, kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa rárá. Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n ni pé kì í jáde nígbà tí oòrùn bá mú, bí àwọn labalábá tó ń ti orí òdòdó kan bọ́ sórí òmíràn. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, inú òjìji ni ó máa ń wà, lórí ilẹ̀, láàárín ewé tó ti gbẹ, yóò pa apá rẹ̀ pọ̀ sókè, kò sì ní mira. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Èso tó ti rà ni ó fẹ́ràn ju òdòdó lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi jìnnà sí abẹ́ igi eléso.

Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ló jùmọ̀ tàn yín jẹ. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀ ẹ̀yìn apá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó máa ń kù síta nígbà tó bá pa apá pọ̀: àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó dà bí iṣan ewé, àti àwọn ẹ̀pà kéékèèké tó dà bí ibi tí ewé ti bu. Èkejì ni sùúrù rẹ̀. Kò ní kúrò níbi tó bà sí àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọ̀ ewé kò wúlò fún kòkòrò tí kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ní tèmi o, sùúrù yẹn ló yà mí lẹ́nu ju àwọ̀ náà lọ.

Ìbéèrè: Ní àkókò òjò, mo máa ń rí labalábá aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ní àmì roboto bí ẹyinjú létí apá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, n kì í rí i mọ́. Níbo ló máa ń gbà lọ? (Olùkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Kò lọ síbì kan. Ìran kan náà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún olùkàwé wa tó wà ní Ìṣẹ́yìn, tàbí ìbátan rẹ̀, ni ẹ ń rí. Àwọn tó bá jáde nígbà òjò ní àmì olójú yẹn gbangba lẹ́yìn apá. Àwọn ọmọ wọn tó bá jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, ewé gbígbẹ pátápátá ni wọ́n jọ. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ yóò búra pé ẹ̀yà méjì ni.

Ìdí rẹ̀ ni pé ewu àkókò òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, koríko ń hù, oúnjẹ wà fún ọmọ, labalábá sì gbọ́dọ̀ máa rìn káàkiri kí ó lè rí ẹni bá gùn, kí ó sì rí ibi yé ẹyin sí. Ohun tó ń rìn kò lè fara pamọ́. Àmì olójú tó wà létí apá ló wá ń gbà á lọ́wọ́ ikú: ọ̀tá yóò ṣá àmì náà jẹ nítorí pé òun ló hàn jù, etí apá yóò ya díẹ̀, labalábá yóò sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú orí àti ara rẹ̀ lódindi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, koríko ti kú, kò sí ohun tí ọmọ yóò jẹ, ohun tó kù fún labalábá láti ṣe ni kí ó dúró de òjò láìkú. Àmì tó ń pe ojú ẹyẹ wá di ìpalára fún un.

Labalábá kékeré kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, Bicyclus anynana, ni àwọn onímọ̀ fi mọ bí ara ṣe ń ṣe ìyípadà yìí. Ní 1988, wọ́n kó abo bíi 80 láti Nkhata Bay ní orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn ọmọ àti àtọmọdọ́mọ wọn ni Paul Brakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leiden, nílẹ̀ Netherlands, fi ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé ooru tó bá kòkòrò náà nígbà tó ṣì ń jẹ ewé, kí ó tó di labalábá, ni ó ń pinnu àwọ̀ tí yóò ní. Bí wọ́n bá tọ́ ọ nínú ooru tó tó nǹkan bíi dígírì 27, yóò jáde pẹ̀lú àmì olójú ńláńlá. Bí wọ́n bá tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà ní nǹkan bíi dígírì 20, yóò jáde láwọ̀ ewé gbígbẹ. Ní Màláwì, òjò máa ń bọ́ sí àkókò ooru, ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń bá òtútù wọlé, nítorí náà ooru ara rẹ̀ ti sọ àkókò tó ń bọ̀ fún kòkòrò náà ṣáájú. Iṣẹ́ họ́mónù kan, ìyẹn èròjà tí ara fi ń rán iṣẹ́ sí ara, ni: nínú ooru, họ́mónù náà máa ń tètè sun, nínú òtútù ó máa ń pẹ́, àkókò tó bá sì sun ni ó ń sọ bí àmì olójú náà yóò ti tóbi tó. Ojú ọjọ́ Màláwì kì í ṣe tiwa, kí olùkàwé má wá sọ pé dígírì wọ̀nyẹn ló ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n pé àkókò tí ọmọ fi ń dàgbà lè pinnu aṣọ tí àgbà yóò wọ̀, èyí ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn sí mọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sọ pé kí n bá òun béèrè: ṣé ewé ló ń di labalábá? (Ìyá kan, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ bá wa sọ fún un pé orí ewé ni ìyá labalábá máa ń yé ẹyin sí. Ẹyin yóò pa, yóò di kòkòrò tó ń wọ́ tó sì ń jẹ ewé. Kòkòrò náà yóò sọ ara rẹ̀ di èèpo kan, yóò sinmi sínú rẹ̀, labalábá ni yóò sì jáde níbẹ̀. Jíjẹ nìkan ni ó jẹ ewé, kì í ṣe ewé ló dà á. Ẹ bá wa kí i pé ó káre.

Ìbéèrè: Mo rí fídíò labalábá kan tí ojú apá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró àti àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n bó ṣe pa apá dé báyìí, ó di ewé gbígbẹ tòun tìdí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé òótọ́ ni, ṣé ó sì wà nínú igbó tiwa? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Kallima inachus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, Éṣíà sì ni ilé rẹ̀, láti Íńdíà títí dé Ṣáínà, Taiwan àti erékùṣù Okinawa ní Jàpáànì. Bí ó bá ya apá, ẹ óò rí àwọ̀ aró tó jinlẹ̀, ọ̀já àwọ̀ ọsàn tó gbòòrò tó la apá iwájú kọjá, àti ṣóńṣó apá tó dúdú pẹ̀lú ẹ̀pà funfun kan. Bí ó bá pa á dé, ìlà kan ṣoṣo yóò gùn láti ṣóńṣó apá iwájú títí dé ìsàlẹ̀ apá ẹ̀yìn, bí ìlà tó la àárín ewé já. Ìsàlẹ̀ apá ẹ̀yìn náà yóò sì gùn jáde díẹ̀ bí ọ̀pá tí ewé fi so mọ́ ẹ̀ka. Ìlà wẹ́wẹ́ yóò ya sọ́tùn-ún sósì lára ìlà ńlá náà. Ẹ̀pà dúdú yóò wà níbẹ̀ bí ibi tí ewé ti bu, òmíràn á sì dà bí ihò tí kòkòrò jẹ.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa irú rẹ̀ ni Alfred Russel Wallace, ọmọ ilẹ̀ Britain, tó wà ní àwọn erékùṣù gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà láti 1854 sí 1862. Ní Sumatra ni ó ti bá ìbátan èyí tí ẹ rí pàdé, Kallima paralekta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1869 pé òun sábà máa ń rí i tó ń fò, tí òun á sì lé e. Yóò wọ inú igbó ṣúúrú tí ewé gbígbẹ wà, bí òun sì ti wù kí òun yọ́ rìn tó, òun kì í rí i títí yóò fi tún fò jáde lójijì lọ sí ibòmíràn. Ìgbà tó yá ni ó wo ibi gan-an tí labalábá náà bà sí láìmójú kúrò, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé iwájú ojú òun gan-an ni ó wà. Ó rí i pé labalábá náà máa ń fi ìsàlẹ̀ apá tó gùn jáde yẹn kan ẹ̀ka igi, ó sì máa ń fi orí àti ìwo rẹ̀ pamọ́ sáàárín apá. Kò sí apá kan lára rẹ̀ tó tú àṣírí.

Ní ti igbó tiwa, Kallima kò sí níbẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa ni Kallimoides rumia, tó ń gbé inú igbó kìjikìji láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, títí dé ìlà oòrùn. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé àwọn àgbà onímọ̀ rò pé ọmọ bàbá Kallima ni. Nígbà tí a wá fi DNA yẹ ìbátan wọn wò, ó hàn pé wọn kò sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ìrísí ewé gbígbẹ yìí wáyé lọ́nà ọ̀tọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ó tún wáyé lọ́nà ọ̀tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, Brazil pẹ̀lú, lára àwọn labalábá Zaretis, tí àwọn kan nínú wọn ní ibi tó mọ́ gaara lára apá, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kí ó lè dà bí ihò lára ewé. Níbikíbi tí ewé bá ti ń gbẹ tí ẹyẹ sì wà, ó jọ pé ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún labalábá.

Ìbéèrè: Ta ló kọ́ labalábá ní èyí? Ṣé ó wo ewé kí ó tó ya ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ó yí padà, àǹfààní wo ni èyí tó jọ ewé díẹ̀ péré rí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ìbéèrè yìí há mi mọ́. (Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú orí ire irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n bi yín ti fa àríyànjiyàn láàárín àwọn àgbà onímọ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Àwọn àgbà wa ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Labalábá tí à ń sọ yìí kò tilẹ̀ fi ara rẹ̀ wé nǹkan kan. Kò mọ̀ pé òun jọ ewé, kò sì sí bí ó ṣe lè rí ẹ̀yìn apá ara rẹ̀ kí ó fi wé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ìyá kan kì í jọ ara wọn tán: àwọ̀ ọ̀kan á pọ́n ju ti èkejì lọ, ìlà ọ̀kan á tọ́ ju ti èkejì lọ. Èyí tó bá hàn jù ni ẹyẹ yóò kọ́kọ́ rí, yóò sì jẹ ẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù ni yóò yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún àwọ̀ rẹ̀. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, ojú ẹyẹ ni yóò máa gbẹ́ labalábá náà, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ti ń gé ohun tí kò fẹ́ kúrò lára igi, àfi pé agbẹ́gilére ní àwòrán lọ́kàn, ẹyẹ kò ní nǹkan kan lọ́kàn ju oúnjẹ lọ. Wallace fúnra rẹ̀ wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ ṣe àlàyé àṣàyàn àdánidá yìí fún ayé. 1858 ni wọ́n ka ìwé tirẹ̀ àti ti Charles Darwin papọ̀ ní London.

Apá kejì ìbéèrè yín ni onímọ̀ kan, St. George Mivart, gbé dìde ní 1871. Ó ní bí ìyípadà bá kéré níbẹ̀rẹ̀, kò lè ṣe labalábá ní àǹfààní kankan. Títí di 1945, onímọ̀ mìíràn, Richard Goldschmidt, ṣì ń jiyàn pé irú àwọ̀ ewé báyìí ní láti jẹ́ ohun tó fò yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń wo labalábá nítòsí, nínú ìmọ́lẹ̀, ní ìfarabalẹ̀. Òmíràn wò ó láti òkè réré, òmíràn wò ó nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, òmíràn kàn fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i bó ṣe ń kọjá lọ. Fún irú ojú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ lásán ti tó láti gba ẹ̀mí là. Ìlà àárín ewé á wúlò fún ojú tó sún mọ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀pà ewé bíbu á sì wúlò fún ojú tó wà nítòsí gan-an.

Ní 2014, Takao Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì fi àwọn ìbátan Kallima wé ara wọn, wọ́n sì fi hàn pé àwọ̀ ewé náà wá ní ìpele-ìpele. Ìlà tó dà bí àárín ewé yẹn kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ìlà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ labalábá ní lára apá ni a tò lọ́nà mìíràn, tí wọ́n fi bọ́ sójú ìlà kan ṣoṣo. Ní 2022, àwọn olùwádìí tí Wei Zhang ti Yunifásítì Peking ṣáájú wọn tún rí i pé jíìnì kan (ohun àjogúnbá tó ń gba ara òbí dé ara ọmọ) tí à ń pè ní cortex wà lára ohun tó ń pinnu irú ewé tí Kallima inachus kọ̀ọ̀kan yóò jọ, nítorí pé wọn kì í jọ ewé kan náà. Ọ̀kan á ní ìlà tó hàn kedere, òmíràn á kún fún ẹ̀pà, òmíràn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ yìí náà ní èrè tirẹ̀: ẹyẹ tó bá ti mọ irú kan kò tíì mọ àwọn yòókù. Ẹ fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lára Melanitis ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kó wọn jọ síbì kan, ẹ óò rí i pé ó ṣòro kí méjì jọra.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn ẹyẹ gbà pé ewé ni? Bóyá wọn kò rí i rárá ni. (Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ìyàtọ̀ tí ẹ fà yọ yìí ṣe pàtàkì. Kí a má rí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni. Kí a rí i kí a sì pè é ní ohun tí kì í ṣe, ọ̀tọ̀ ni. Ní 2010, John Skelhorn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òròmọdìyẹ dán an wò, wọ́n sì lo àwọn kòkòrò ajẹwé tó jọ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òròmọdìyẹ kan mọ ẹ̀ka igi gidi; wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀ka tí wọ́n ti fi òwú aláwọ̀ wé, àwọn yòókù kò sì rí ẹ̀ka kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kòkòrò síwájú wọn ní gbangba, níbi tí kò ti sí ohunkóhun tó bò ó. Àwọn tí kò mọ ẹ̀ka igi gidi kò fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ̀ ọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kàn án. Gbogbo wọn ló rí kòkòrò náà. Àwọn tó ti mọ̀ pé ẹ̀ka kì í ṣe oúnjẹ ló pè é ní ẹ̀ka.

Ohun tí mo rí nínú ìwádìí yìí ni pé ohun tí ẹyẹ ti mọ̀ ni ààbò irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Bí ewé gbígbẹ bá pọ̀ nílẹ̀ tí ẹyẹ ti fẹnu kàn án títí tó sì ti sú u, labalábá wà láìléwu láàárín wọn. Bí a bá wá sun gbogbo ewé tó wà nílẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí ilẹ̀ dúdú gbalaja, aṣọ àwọ̀ ewé tó gba ọ̀pọ̀ ìran kí ó tó rí bẹ́ẹ̀ yóò sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ di ẹran ìjẹ láàárín ọjọ́ kan. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ ní ìdí tó fi ń dáná sun oko. Ẹ̀yìnkùlé tí kò sí irè kankan níbẹ̀ ni n kò rí ìdí tí a fi ń sun ewé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìlú London ni mo ń gbé. Ṣé irú rẹ̀ wà níbí? (Olùkàwé kan)

Ìdáhùn: Ó wà. Gonepteryx rhamni máa ń jọ ewé tútù, àárín ewé tí kì í wọ́ nígbà òtútù ni ó sì máa ń sùn sí títí òtútù yóò fi lọ. Polygonia c-album, tí etí apá rẹ̀ rí gbágungbàgun, ni ó jọ ewé gbígbẹ.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ọmọ labalábá ojú alẹ́ yìí máa ń jẹ koríko. Ṣé òun ló ń ba àgbàdo mi jẹ́? (Àgbẹ̀ kan, Ṣakí)

Ìdáhùn: Lóòótọ́, ewé koríko ni ọmọ Melanitis ń jẹ, ó sì lè jẹ ewé ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àgbàdo tí wọ́n ti jẹ ọkàn rẹ̀ ní wálawàla, tí ìgbẹ́ kòkòrò sì kún inú rẹ̀, kòkòrò mìíràn ni kí ẹ fura sí, ọmọ àfòpiná kan tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní 2016. Ẹ tètè fi han òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ yín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè rí labalábá yìí dáadáa láì pa á? (Olùkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá jíjẹ, ẹ gún un díẹ̀, ẹ bu ẹmu kékeré sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ lábẹ́ igi tó ní òjìji, níbi tí ewé gbígbẹ wà nílẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ẹ sì jókòó síbi tí òjìji yín kò ti ní kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá ti ń mu omi èso náà, ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbòmíràn, ẹ lè rọra sún mọ́ ọn kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ mú un ní apá. Ìyẹ̀fun tó máa ń kù sí ìka ènìyàn bí ó bá di labalábá mú, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni, àwọn ìpẹ́ náà ni a fi ya gbogbo iṣan àti ẹ̀pà ewé tí ẹ ń wò yẹn, èyí tó bá sì ti bọ́ kò ní hù mọ́.